Wáyà Tó Gbóná Tí Kò Fa Ìṣó

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Kíákíá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, káàdì ìdánwò lọ́wọ́, òógùn lójú. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, nítorí kò sí ohun tí ọmọbìnrin náà ń fi sùúrù ṣe. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, ó sì máa ń dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi í tán. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó tò sórí ìlà fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó fún un ní káàdì náà, ohun kan ṣoṣo ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ní gbogbo àkókò yẹn: òòfà rẹ̀ kò tíì parí.

Aago méjì ni ìdánwò. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé bóòtì irin kan wá, irú èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè, tí òun fúnra rẹ̀ ti fi wáyà wé. Bí iná bátìrì bá wọ wáyà náà, kí bóòtì di òòfà, kí ó gbé ìṣó mẹ́wàá láti inú àwo kan lọ sínú àwo kejì, kí ọ̀kankan má sì já bọ́ lọ́nà. Ẹni tó bá yege yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kùnà á tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, oṣù mẹ́rin péré ló sì kù kí Kíákíá pé e. Òní yìí nìkan ló ní.

Àárọ̀ ló ti wé ìpele kìíní, àádọ́rùn-ún ìgbà yí bóòtì náà ká, kí wáyà tó tán. Ó ti pinnu pé bí òun bá dé, òun á wé ìpele kejì lé e lórí. Ìgbà tó wo orí tábìlì, bóòtì náà ti sanra, wọ́n sì ti fi téépù dúdú dì í dáadáa.

"Màmá, ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́?" Ìyá rẹ̀ kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ omi tó ń tú. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń tún wáyà ẹ̀rọ wé, kò sì sí fáànù tó kú ládùúgbò tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. "Mo so wáyà tuntun mọ́ tìẹ, mo wé àádọ́rùn-ún lé e. Kò lé ẹyọ kan, kò dín ẹyọ kan."

"Wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣèdánwò ṣe é fúnra ẹ̀."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni? Aago mélòó lo rí lára ògiri yẹn?"

"Ẹ ò bá ti dúró dè mí—"

"Kí n dúró dè ọ́, kó o wá máa wé e lójú títì? Gbé e, jàre. Mo ti fi tẹ́sítà dán an wò. Iná ń kọjá geere." Ó fi ọwọ́ òsì tì í sí i lórí tábìlì, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ omi rẹ̀.

Kíákíá gbé e. Ó sáré.

Ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀: Èmi ni mo ṣe ohun èlò yìí fúnra mi. Ó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ yára ju ọkàn rẹ̀ lọ, bó ti máa ń rí.

Tábìlì gígùn kan ni wọ́n to bátìrì sí, bátìrì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti súwíìsì, àwo méjì àti kọ́ńpáàsì kékeré kan. Olùdánwò jẹ́ bàbá gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ka òfin sí wọn létí: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ní, ẹni tí tirẹ̀ bá já bọ́ lè tún un gbé kí àkókò tó tán, ọwọ́ lásán ni kí wọ́n fi di ohun èlò wọn mú, kò gbọdọ̀ sí aṣọ tàbí okùn. Ogójì máàkì fún bí wọ́n ṣe ṣe é, ogójì fún ìṣó mẹ́wàá, ogún fún àlàyé. Ẹni tó bá gba ọgọ́ta ló yege.

Kíákíá so wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì, ó ki bóòtì bọ inú àwo ìṣó, ó tẹ súwíìsì. Kò sí ìṣó tó mira.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ ibi tó ti há wáyà wò, ó fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà méjèèjì kí ó lè mọ́, ó tún so ó. Kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bóòtì náà ti ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, téépù sì ti ń rùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọ oníbúrẹ́dì àdúgbò wọn wà. Ìṣó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló rọ̀ mọ́ bóòtì tirẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ó fa imú. "Kíákíá, iṣẹ́ bàbá mi ni búrẹ́dì yíyan. Ta ló ní kó o bá a yan án?"

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń jóná o."

Ó ṣí súwíìsì kí ooru má baà ba nǹkan jẹ́. Bátìrì kò kú, nítorí wáyà kì í dédé gbóná. Iná ń kọjá lóòótọ́. Ó fa kọ́ńpáàsì sún mọ́ bóòtì, ó tẹ súwíìsì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò yíjú. Iná wà, ooru wà, òòfà kò sí. Báwo ni ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Láìmọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń yí nínú afẹ́fẹ́, bó ṣe wé wáyà náà láàárọ̀.

Ọwọ́ náà dúró.

Ọwọ́ òsì ni ìyá rẹ̀ ń lò. Bó bá ń wé wáyà, òdì kejì ló ń yí sí. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń parí rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun fọwọ́ kan án. Òní ni ọwọ́ méjì kọ́kọ́ wà lórí wáyà kan. Àádọ́rùn-ún yí sọ́tùn-ún, àádọ́rùn-ún yí sósì, ọ̀kan ń fa, èkejì ń fà á padà. Ká ní ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ṣì í kà ni, òòfà ìbá ṣì rí ìṣó kan tàbí méjì fà. Kò ṣì í kà.

Kíákíá tú téépù. Ó rí ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà tuntun mọ́ ti àtijọ́, ó mú píláyà. Bí òun bá gé e níbẹ̀, tí òun sì yí ẹnu ìpele òkè padà, ìpele méjèèjì á máa fa síbì kan náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ìṣó á rọ̀ mọ́ ọn ju ti ọmọ oníbúrẹ́dì lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Kí lo fẹ́ gé?" Olùdánwò ti dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Irọ́ tí ó lè pa wà lẹ́nu rẹ̀, ó kúrú, ó sì rọrùn: wáyà ló já, sà. Ó wo ìwé tó fọwọ́ sí.

"Ìpele méjì ló wà níbẹ̀, sà. Òdìkejì ara wọn ni wọ́n yí sí."

"Báwo ni ìwọ nìkan ṣe wé e sí ọ̀nà méjì?"

"Èmi nìkan kọ́ ni mo wé e, sà. Màmá mi ló wé ti òkè."

Ọmọ oníbúrẹ́dì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olùdánwò tọ́ka sí bóòtì náà.

"Kí ló dé tó fi wá ń gbóná, tí òòfà ò bá sí?"

"Ooru ò wo ibi tí iná ń lọ, sà. Bó gba ọ̀tún, bó gba òsì, bó bá ṣáà ti ń gba inú wáyà kọjá, á gbóná. Òòfà ló máa ń wo ibi tí iná yí sí. Bí ẹ bá yí iná padà, orí òòfà á di ìdí. Bí méjì bá kọjú ìjà síra wọn, tí wọ́n sì dọ́gba, wọ́n á pa ara wọn."

Olùdánwò kọ nǹkan sílẹ̀. "Ogún fún àlàyé. Ti bí o ṣe ṣe é, òfo ni mo fún ọ. Ó yẹ kí n lé ọ jáde pẹ̀lú, ṣùgbọ́n o kò purọ́ fún mi. Èyí tó jẹ́ tìẹ nínú wáyà yẹn ni kí o fi gbé ìṣó. Gbogbo mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù."

Kíákíá gé e, ó so ìpele tirẹ̀ nìkan mọ́ bátìrì, ó tẹ súwíìsì. Ìṣó fò mọ́ bóòtì pẹ̀lú ariwo. Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣísẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìdajì wáyà ló kù kí iná gbà kọjá, iná wá pọ̀ gan-an nínú rẹ̀, ooru sì tẹ̀ lé e. Kó tó dé àárín àwo méjèèjì, ìka rẹ̀ tú u sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Bóòtì já bọ́, ìṣó fọ́n ká sórí tábìlì.

Ó ṣí súwíìsì, ó ṣa wọ́n padà. Bóòtì náà kò ṣeé dì mú. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù.

Bó bá tún gbìyànjú báyìí, á tún jù ú nù, á sì tún fi kún ooru rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà láti ṣe: kí ó fi bóòtì sílẹ̀ kó tutù, kí ó má sì ṣe nǹkan kan. Ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì.

Ìṣẹ́jú márùn-ún.

"O ò ní ṣe é ni?" ni ọmọ oníbúrẹ́dì ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Kíákíá! Aago ń lọ o."

Kíákíá fi ìka kan kan bóòtì náà: ó ṣì gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbogbo ara ń yún un. Ìṣẹ́jú méjì. Ó tún fìka kàn án, ó tún dúró. Ìgbà tí olùdánwò wo aago ọwọ́ rẹ̀, tó sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ni Kíákíá mú un.

Ó tẹ súwíìsì. Ìṣó fò. Ó gbé e, kò sáré, nítorí ìṣó tó bá ń mì lè já bọ́. Ooru dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Ó wa eyín pọ̀. Àwo kejì wà nísàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì ṣí súwíìsì, ìṣó sì dà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ. Gbé e sílẹ̀."

Olùdánwò fi ìdí bírò kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá. Ó kọ ọgọ́ta sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ dìde kó tó wọlé tán. "Ó gbé e àbí kò gbé e?"

"Tèmi gbé e. Tiyín ló ń dí i lọ́wọ́."

"Tèmi? Èmi tí mo fi tẹ́sítà—"

"Iná ń kọjá, Màmá. Òdìkejì ló ń yí sí. Ẹ gbàgbé pé ọwọ́ òsì lẹ fi wé e."

Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. "O sọ fún wọn pé èmi ni?"

"Mo sọ fún wọn."

"Wọn ò sì lé ọ?"

"Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi. Ọgọ́ta ni mo gbà, òun náà ni wọ́n ń wá. Màmá, ẹ má bá mi parí nǹkan kan mọ́."

Obìnrin náà fẹ́ fèsì, ó sì rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níbi tí awọ ti ń wú funfun. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Jókòó," ló wí. "Mú ọwọ́ yẹn wá."

Kíákíá jókòó.