Kíákíá àti Àga Onígbàjámọ̀

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Kíákíá. Ìyá àgbà rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ náà a máa jẹun lórí ìrìn, a máa wẹ apá kan kó tó rántí pé òun ní apá kejì. Ó dàgbà tán, iṣẹ́ dííjéè ló lọ mú, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi orin kan wọ inú òmíràn láìjẹ́ kí ijó dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á ti mọ ibi tí wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ní gbọ̀ngàn ńlá tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ojú tì í débi pé ilẹ̀ ni ì bá wọ̀. Ìdíje àwọn dííjéè ni. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dọ́ọ̀bù, orin tí ń rìn bí aboyún tó ń gun àtẹ̀gùn, kí o sì parí sí jọ́ńgù, orin tí ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kí àwọn oníjó má sì jókòó láàárín méjèèjì. Ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹni tó bá borí, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ní gbọ̀ngàn náà di tirẹ̀ fún odidi ọdún kan. Kíákíá kò sì ní ohun mìíràn tó ń wá láyé yìí ju ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn lọ.

Kí ló ṣe? Ó di bọ́tìnnì ìyára mú, ó tì í sókè gbuurugbu. Orin figbe ta bí adìyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Onígbàjámọ̀ àdúgbò, tó ń jó níwájú pátápátá, ló kọ́kọ́ dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá àga, ó jókòó. Àwọn yòókù bá jókòó tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà, bí Kíákíá bá ti ń kọjá níwájú ìsọ̀ onígbàjámọ̀ yìí, ọkùnrin náà á yọrí síta tòun ti kọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

"Kíákíá! Adìyẹ ńkọ́?"

"Ó wà, bọ̀ọ̀dá. Ó ní kí n kí yín."

Kíákíá á fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn dé ilé.

Ìdíje ọdún yìí wá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìsọ̀ aránṣọ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti ń palẹ̀ mọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, láàárín agolo òwú àti ìwé ìwọ̀n, ìyá àgbà sì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Dọ́ọ̀bù Kíákíá ń lu márùndínláàádọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan. Jọ́ńgù ń lu àádọ́sàn-án. Ó to orin mẹ́jọ sáàárín wọn bí àkàbà, ó ní òun á máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú pé, kò tíì dé ìdajì. Àwọn orin náà ò sì dùn mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ọmọ ọdún méje.

Ó bínú, ó gbé dọ́ọ̀bù tuntun kan sí i. Kọ̀ǹpútà ka orin náà, ó kọ àádọ́sàn-án sí i lórí.

"Irọ́!" Ó lu tábìlì. Abẹ́rẹ́ fọ́n ká ilẹ̀.

"Ta ló purọ́ mọ́ ọ?" Ìyá àgbà ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kọ̀ǹpútà yìí ni, Ìyá. Orin tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ báyìí, ó ní àádọ́sàn-án ni! Ó ti kà á ní ìlọ́po méjì. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Má tíì tún nǹkan kan ṣe. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bá orin náà lọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ń gúnṣọ tatatata. Ó rán odidi apá ẹ̀wù kan tán.

"Wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé ó ń sáré?"

"Rárá, Ìyá."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Òun ń sáré."

"O rí ibi tí mo ti dúró kó lè bá mi?"

Kíákíá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ń wo ẹsẹ̀, ó ń wo abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀rọ tìẹ náà ò purọ́, ọkọ mi. Abẹ́rẹ́ ló ń kà. Ìwọ ń ka ẹsẹ̀."

Ni ọmọ yìí bá gbé jọ́ńgù sí apá kejì. Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìyára. Bí dọ́ọ̀bù bá gbé ẹsẹ̀ kan, jọ́ńgù á gbé méjì, wọ́n á sì jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò tàsé ara wọn. Kíákíá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń ti orin jẹ́jẹ́ lẹ́yìn pé kó sáré!

"Má tíì yọ̀," ni ìyá àgbà wí. "Bí mo bá fẹ́ so apá mọ́ ẹ̀wù, ṣé mo kàn ń fi ẹ̀rọ gbá a ni? Mo máa ń fọwọ́ gán an ná, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí wọ́n lè mọ ara wọn."

"Kí ni màá wá fi gán orin, Ìyá?"

"Ó bi mí! Ṣé èmi ni dííjéè ni?"

Ọjọ́ Sátidé tí ìdíje bọ́ sí pé. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé òkè wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà ti ìsọ̀ bọ̀ tààrà, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ta ló tún wọlé? Onígbàjámọ̀, tó ru àga ìsọ̀ rẹ̀ lórí.

"Mo ti gbé tèmi dání o! Mi ò lè máa wá àga kiri bíi ti èṣí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àga náà kalẹ̀ síwájú tábìlì Kíákíá gan-an.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàásì ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó fẹ́ yí padà, ó pa orin lójijì, ó pariwo pé, "Ẹ nawọ́ sókè!" Wọ́n nawọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí orin fi máa padà dé, ẹni méje ti jókòó. Obìnrin gíga tó jẹ́ ọ̀gá gbọ̀ngàn ń rìn kiri, ó ń kà wọ́n sínú ìwé.

Ó wá kan Kíákíá. Ó gbé dọ́ọ̀bù sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń mì jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mẹ́wàá lọ. Onígbàjámọ̀ yán, ó sì fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Kíákíá ti ń lọ sídìí bọ́tìnnì ìyára fúnra rẹ̀, bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe látẹ̀yìnwá. Ó fà á padà, ó ká a mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Ọwọ́ òsì ló fi ṣí jọ́ńgù, ohùn tíńrín òkè rẹ̀ nìkan, ṣìkìṣìkì, bí abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ó gán an. Èjìká ló kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn ti ń gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí ara wọn mọ̀ ọ́n tán, Kíákíá yọ ohùn ńlá ìsàlẹ̀ lára dọ́ọ̀bù, ó fi ti jọ́ńgù rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Gbọ̀ngàn gbiná! Àwọn ọmọbìnrin ń sáré lójú kan. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń mì jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń mì tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó tàsé. Onígbàjámọ̀ pàápàá, orí rẹ̀ wà nínú dọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ sínú jọ́ńgù. Kò mọ ìgbà tó ta àga rẹ̀ nípàá. Ọ̀gá gbọ̀ngàn wá ẹni tó jókòó títí, kò rí ẹyọ kan. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó wá sídìí tábìlì.

"Mo ń ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbo lo gbà kọjá sínú jọ́ńgù?"

"Ìsọ̀ aránṣọ ni mo gbà, mà."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ Kíákíá sókè níwájú gbogbo èèyàn, ariwo sì sọ. Ogún ìṣẹ́jú ti pé, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí orin kú? Kíákíá fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

"Bọ̀ọ̀dá onígbàjámọ̀, adìyẹ ní kí n kí yín o! Ó ní àga yín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ọwọ́ lórí eékún, òógùn bò ó. "Kíákíá, mo túúbá! Ṣáà jẹ́ kó máa lọ!"

Ó gbé àga náà nílẹ̀, ó nù ún mọ́ tónítóní, ó gbé e lọ bá ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ̀yin nìkan ló tọ́ sí lónìí."

Ìyá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ.

"Jókòó kẹ̀? Tí orin ọmọ mi ń lọ lọ́wọ́?"