Ọwọ́ Àrínọlá

Fọ́líbọ́ọ̀lù kúrò ní ìka Àrínọlá, ó gòkè, ṣùgbọ́n kò ga tó. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló kù. Gertrude tó fẹ́ gbá a ti fò. Ọwọ́ rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ lásán, bọ́ọ̀lù já sínú nẹ́ẹ̀tì. Àwọn aláṣẹ tó wá sí gbọ̀ngàn ìṣeré ní Sùúrùlérè láti yan àwọn tí yóò wọkọ̀ òfuurufú lọ ṣojú Nàìjíríà pòṣé.

Àrínọlá dorí kodò, inú rẹ̀ sì ń dùn. Àbí kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ogun abẹ́lé ò tíì bẹ̀rẹ̀ tó ti ń gbé fọ́líbọ́ọ̀lù sókè fún àwọn obìnrin ilẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn lè gbá a mọ́lẹ̀, kí ayé sì pàtẹ́wọ́ fún onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá, àwòrán Gertrude ló kún ojú ìwé ìròyìn. Ti Àrínọlá ńkọ́? Ìka rẹ̀ mẹ́rin ló yọ létí àwòrán. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ìwáyà wò ó títí, wọn ò mọ ẹni tó ni ọwọ́.

Ó mú un mọ́ra. Àmọ́ lánàá, níbi tó ti ń so okùn bàtà, ó gbọ́ tí kóòṣì wọn, Ambrose, ń sọ fún ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ pé, "Àrínọlá? Ìyẹn ti darúgbó. Ta ni ò lè gbé bọ́ọ̀lù sókè? Gertrude ni ẹgbẹ́ wa."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Ẹni tó bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ó ní òun á jẹ́ kí Ambrose mọ ẹni tó tà.

Kò sì ṣòro. Òun ló kọ́ Gertrude níṣẹ́, láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń sáré láìwọ bàtà ní Sábó. "Má wo bọ́ọ̀lù," ló máa ń sọ fún un. "Ọwọ́ mi ni kó o máa wò. Tó bá ti ṣí, ìwọ ṣáà fò." Ìdí nìyẹn tí Gertrude fi ń wà lókè kí àwọn alátakò tó mira. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fò kò lè balẹ̀ kó tún fò kí bọ́ọ̀lù tó já.

Ó gbé òmíràn fún un, ó tún fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ dín in. Inú nẹ́ẹ̀tì. Òmíràn, inú nẹ́ẹ̀tì náà ni. Ó gbé ti àwọn yòókù bó ṣe yẹ, wọ́n sì ń gbá a mọ́lẹ̀ gbàà. Kí Ambrose ṣáà la ẹnu ẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé ọwọ́ Àrínọlá ni. Kò retí ju ìyẹn lọ.

Ambrose fọn fèrè. "Gertrude, bọ́ síta. Ẹsẹ̀ ẹ ti wúwo. Ìwé ìròyìn ti kó sí ẹ lórí."

Àwọn aláṣẹ gbà bẹ́ẹ̀. Gertrude ò lọ mọ́. Ambrose wá fọwọ́ kan Àrínọlá léjìká. "Má bínú, ó fi bọ́ọ̀lù ẹ ṣòfò. Ìwọ gbìyànjú."

Gbìyànjú kẹ̀. Orí Àrínọlá gbóná. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣèkà níṣojú gbogbo wọn, wọn ò sì rí ọwọ́. Tó bá dáa, Gertrude ló ni ín. Tó bá bàjẹ́, Gertrude náà ló ni ín.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó bá ọmọbìnrin náà níbi ẹ̀rọ omi tó ti ń bọ́jú.

"Pẹ̀lẹ́," ni Àrínọlá wí. "Ẹsẹ̀ máa ń wúwo nígbà míì."

Gertrude pa omi. "Àǹtí, ẹsẹ̀ mi ò wúwo." Kò wo ojú rẹ̀. Ibi tó máa ń wò tẹ́lẹ̀ náà ló ń wò. "Ọwọ́ yín ni mo ń wò. Látorí èyí àkọ́kọ́ ni mo ti rí i."

"O rí i, o sì ń fò?"

"Ẹ̀yin lẹ ní tó bá ti ṣí, kí n ṣáà fò."

Gertrude kúnlẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bọ́ sọ́nà. Àrínọlá wo ìka ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wo ọwọ́ náà. Òun ló ń lọ yẹn.