Ọwọ́ Tó Kù Léjìká Bàbá

Nígbà tí ìlà pupa náà dé èjìká bàbá wọn, Àbúrò gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Láti aago mẹ́jọ ló ti ń fa ìlà yìí yí àwòrán ká. Ó gba abẹ́ àgbọ̀n, ó gba ẹ̀yìn etí, ó ń fi àyè bíńtín sílẹ̀ kí ọ̀bẹ má baà jẹ ara ènìyàn. Ìlà yìí ni ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ lé bó bá ń gé sítíkà. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Èyí tó bá wà níta, inú garawa ìdọ̀tí ló ń lọ.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò náà. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró lápá ọ̀tún, apá rẹ̀ kan wà lẹ́yìn bàbá, kò hàn. Lápá òsì ni òun fúnra rẹ̀ wà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó gbé ọwọ́ lé bàbá léjìká. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi lé e lọ́wọ́ lánàá kò gùn rárá: kó gé bàbá àti ọmọkùnrin, kó yọ ara tirẹ̀ kúrò. Gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, lábẹ́ orúkọ tuntun, Bàbá àti Ọmọkùnrin Rẹ̀. Orúkọ yẹn náà ló wà nínú ìwé tuntun tí ẹ̀gbọ́n ti lọ fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sí lórí gíláàsì, kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lò nídìí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Àbúrò ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan àwọn tó lè bí lọ́mọ; ó pé ẹni ogójì ọdún, orúkọ ò kúrò lára. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń tà níbòmíràn. Ìgbà tí bàbá kú ló dé, tó wá jókòó sórí àga bàbá bí ẹni tó kàn jáde lọ ra omi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ, ṣùgbọ́n ìnàkí tiwọn yìí ò tilẹ̀ mọ igi tí èso wà.

Ó bi í lánàá pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi wá ńkọ́?"

"Ilé ọkọ lo wà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ta ló ń fi orúkọ ẹni tó wà nílé ọkọ sílé bàbá ẹ̀?"

Ilé ọkọ wo? Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tó ti kẹ́rù kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló sì wá fi ọkọ̀ kó o.

Bí a bá ní ká ṣe é bí iṣẹ́, èjìká ni ìlà yẹ kó tẹ̀ lé, kí wọ́n pa ọwọ́ rẹ́, kí wọ́n fi àwọ̀ aṣọ dí ojú ibẹ̀. Àbúrò ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dá a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó wá fa ìlà náà yọ síta díẹ̀díẹ̀, ó yí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lórí èjìká bàbá. Ọmọńdinrín òun fúnra rẹ̀ wọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ló há a mọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Màámi ló fi aṣọ dì í fún oṣù kan gbáko. Ọ̀sán ni Màámi ń bọ̀ wá wo gíláàsì. Bí gbogbo ayé bá gbàgbé ìka yẹn, Màámi ò lè gbàgbé ẹ̀. Màámi á béèrè, ọ̀rọ̀ á sì délẹ̀.

Ó so ẹnu ìlà pọ̀, ó ní kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó ti pa apá tó kù rẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi fọ́tò ló jáde, ọ̀bẹ sì gé e tán, ó ku kó fi ọwọ́ ya èyí tí wọn ò lò dànù. Láti ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọmọbìnrin náà. Ó ṣí wọ́ọ́rọ́, yẹ̀rì, ikùn, ọrùn, ojú tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀ pátá láìsí ìka. Inú bí i débi pé ó rún un mọ́wọ́ kó tó jù ú nù.

Nígbà tí Màámi dé, sítíkà ti wà lójú gíláàsì, ẹ̀gbọ́n sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú oníbàárà méjì. Wọ́n ń yìn ín. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ṣe tẹ̀ síwájú lójijì, tó nawọ́ sí èjìká bàbá.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Àbúrò ti ní èsì lẹ́nu. Màámi ló yára jù ú lọ. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ gíláàsì, ó fi ìka kan ọmọńdinrín tó wọ́ náà, kò sì tètè gbé e kúrò.

"Ọwọ́ ẹ ni," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n. "O ò rántí ni? O na ọwọ́ gba ẹ̀yìn bàbá ẹ."

Ẹ̀gbọ́n wo ìka ara rẹ̀, tí gbogbo wọn gún régé. Ó wo àbúrò rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ló wí. "Tèmi ni."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n. Màámi bọ́ awò, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Àbúrò ti múra ìjà sílẹ̀ de ẹ̀gbọ́n láti àná. Kò múra ohunkóhun de ìyá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n na fóònù sí Àbúrò, ó ní kó bá àwọn ya fọ́tò kan níwájú gíláàsì. Ó gbà á. Ó fà sẹ́yìn títí gbogbo wọn fi wọlé sínú fóònù, ẹ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ara rẹ̀, Màámi lápá kejì. Ó ní kí wọ́n dúró dáadáa. Màámi sún díẹ̀ sí òsì, ó wẹ̀yìn wò, ó tún sún díẹ̀ sí i, títí orí rẹ̀ fi bo ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá dúró.

Kò sí ẹni tó ní kó dúró síbẹ̀.