Imú-Ò-Parọ́ àti Lọ́fíńdà Ọlọ́sàn Mẹ́ta

Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin náà ti ń ta lọ́fíńdà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, imú rẹ̀ ló sì fi ń jẹun. Bó bá ti gbóòórùn nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó parí: yóò sọ ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀, yóò sọ iye wákàtí tí yóò lò lára, yóò tún sọ irú ọkùnrin tí kò gbọdọ̀ fín in rárá. Ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Imú-Ò-Parọ́. Orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn bí oyè.

Ṣùgbọ́n oṣù méje rèé tí imú ọ̀hún ti ń parọ́, ẹni tó ni ín sì rò pé òun nìkan ló mọ̀. Ọ̀fìnkìn kan ló dá a wólẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọ̀fìnkìn ń lọ, ó kó gbogbo òórùn ayé dání. Ọṣẹ ìwẹ̀, ata díndín, bàtà tuntun, ìkan ò yàtọ̀ síkan mọ́. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ni yóò gba ẹni tí kò gbóòórùn láti ta lọ́fíńdà? Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ fi orúkọ rere jáde, kì í ṣe kí wọ́n máa fojú àánú wò ó.

Ohun tó ń gbà á là ni àwọn bébà pẹlẹbẹ orí káńtà. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti máa ń fín lọ́fíńdà kọ̀ọ̀kan sí bébà, tí yóò sì tò wọ́n síwájú ìgò wọn: èyí tó ń tètè fò lọ á wà lápá òsì, èyí tó ń pẹ́ lára á wà lápá ọ̀tún. Láti ìgbà tí imú ti dákẹ́, bó bá ti dé láàárọ̀, á bá wọn ní títò, wọn kì í sì í ṣì. Ìyá Ìbejì, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ àti gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ló ń tò wọ́n. Imú-Ò-Parọ́ rò pé ó kàn ń ran òun lọ́wọ́ ni, kò sì bi í ní nǹkan kan. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ bò kì í béèrè aṣọ tí wọ́n fi bò ó.

Ìgbà ooru dé, lọ́fíńdà ọlọ́sàn mẹ́ta sì wọlé tí kò gbóòórùn wọn rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan wá yan ọ̀kan fún ọgbọ̀n ọkùnrin tó ń ṣílẹ̀kùn, tó sì ń gbẹ́rù àlejò nínú oòrùn. Ó ní òun ò fẹ́ èyí tí yóò fún àlejò ní ẹ̀fọ́rí, òun ò sì fẹ́ èyí tí yóò ti sá lọ kí àlejò tó sọ̀ nínú ọkọ̀. Imú-Ò-Parọ́ ń fẹnu dídùn dá a lóhùn. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe kó bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó gbóòórùn wọn, tó sì dà wọ́n rú mọ́ra wọn. Ó na ọ̀kan sí i, ó ní èwo nìyí nínú wọn?

Imú-Ò-Parọ́ nawọ́ gba bébà náà. Ó gbé bébà sí imú, ó dijú bí ẹni tó ń ronú, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì ń nu ilẹ̀kùn gíláàsì lẹ́yìn wọn. Láìyíjú, ó ráhùn pé ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn tún ti ń ta òun nímú. Kíá ni Imú-Ò-Parọ́ dáhùn pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ọkùnrin náà na ìkejì. Ìyá Ìbejì ní ẹni tó bá fín tanjarín tó dùn tó báyìí, kó máa retí eṣinṣin. Nígbà tó kan ìkẹta, ó ní ewé ọsàn yìí rán òun létí ẹ̀yìnkùlé bàbá òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Imú-Ò-Parọ́ gbà á, oníbàárà sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó yé e. Kì í ṣe oríire rárá. Oṣù méje ni obìnrin yìí ti fi òun pọ̀n sẹ́yìn, tí òun sì rò pé ẹsẹ̀ ara òun lòun fi ń rìn. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, àwọn méjèèjì dé pọ̀. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó bẹ oníbàárà pé kó dúró díẹ̀, ó sì lọ pe màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá," ó ní, "imú mi ti kú láti oṣù méje. Gbogbo ohun tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi, Ìyá Ìbejì ló ń gbóòórùn ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mo máa lọ, màá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn jẹ́ kó jẹ́ ilẹ̀ ni Ìyá Ìbejì á máa nù títí."

Màmá wò ó. Ó yíjú sí Ìyá Ìbejì, ó bi í bó ṣe mọ̀ pé imú náà ti kú.

Obìnrin náà kọ́kọ́ ń fi aṣọ ìnugíláàsì ṣeré lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá là á. Ó ní kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ ìfọlẹ̀ ọlọ́sàn òun ló jò lọ́jọ́ kan, lòun bá rọ díẹ̀ sínú ìgò lọ́fíńdà tó ti ṣófo, òun sì gbàgbé ẹ̀ sórí káńtà. Kí òun tó dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá òun, Imú-Ò-Parọ́, ti fín in sọ́rùn àti ọwọ́ méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fín in. Bí wọ́n bá ti làágùn, ọrùn wọn á máa hó, wọ́n á ní ooru mà mú lónìí o. Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú. Imú-Ò-Parọ́ náà rántí bí ọrùn ṣe yún un lọ́sẹ̀ yẹn, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ní kí ló dé tí kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé òórùn kọ́rídọ̀ ló ń jáde lára wọn?" ni Ìyá Ìbejì dáhùn. "Màmá, nígbà tí mo dé ibí, ilẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nù. Tí mo bá ń nù ún lọ, ọ̀gá á pè mí, wọ́n á ní kí n gbóòórùn èyí, kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Wọn ò pa á mọ́ fún mi. Imú wọn náà ni mo fi ń gbóòórùn. Mo kàn ń dá a padà ni."

Imú-Ò-Parọ́ ò lè gbójú sókè. Màmá ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, kí wọ́n jẹ́ káwọn kọ́kọ́ dá oníbàárà lóhùn ná.

Imú-Ò-Parọ́ mọ̀ pé bébà inú yàrá tútù kì í sọ òótọ́ nípa ọsàn, ara gbígbóná ló ń sọ ọ́. Ó fín ọ̀kan sí ọrùn ọwọ́ òsì oníbàárà, ọ̀kan sí ti ọ̀tún, ọ̀kan sí ìgúnpá, ó sì ní kí òun, oníbàárà àti Ìyá Ìbejì yí àdúgbò náà ká lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn. Kí wọ́n tó dé kọ́nà, Ìyá Ìbejì ní ọsàn wẹ́wẹ́ ti dágbére. Tanjarín ò lọ, àmọ́ òógùn ti sọ ọ́ di súìtì tó yọ́ sápò. Ewé ọsàn ló ṣẹ́ kù, jẹ́jẹ́, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Imú-Ò-Parọ́ ṣàlàyé pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ewé kì í kánjú bí èèpo. Oníbàárà mú un fún ọgbọ̀n ọkùnrin rẹ̀.

Màmá kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun á wá ẹlòmíì tí yóò máa nu ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àga méjì ló wà lẹ́yìn káńtà.

Imú-Ò-Parọ́ ṣí ìgò tuntun kan, ó gbé e fún Ìyá Ìbejì, ó ní kó sọ bó ṣe rí fún òun. Obìnrin náà gbé e sí imú, ó ronú díẹ̀.

"Ẹ rántí ọsàn tí ò tíì pọ́n," ó ní, "tí ẹ bá fi èékánná ha èèpo ẹ̀, tómi ẹ̀ wá ta sí yín lójú? Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ó rántí. Ó rí èèpo tútù náà, ó rí èékánná ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, òórùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Kò dé. Omi ló dé, ó bọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì na aṣọ ìnugíláàsì sí i, ó ní kí wọ́n má dà á rò, ọsàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ séèyàn lójú.