Aṣọ Ijó Bahiga

Ohun tí Inshirah kọ́kọ́ gbàgbé ni iyọ̀ inú ọbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a wí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn nídìí ààrò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà ilé. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pé ọkọ òun ti kú. Wọ́n á tún túfọ̀ rẹ̀ fún un, á sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún ọ̀fọ̀ tuntun, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí Wasila ọmọ rẹ̀ fi ń sọ pé bàbá lọ sí ìlú Tanta, wọ́n á dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ààwẹ̀ ọdún yẹn tó wọlé, ó ti gbàgbé Wasila fúnra rẹ̀.

Ijó nìkan ni kò gbàgbé. Ẹ ò rí ayé bí! Obìnrin tí kò mọ̀ bóyá òun ti jẹun tàbí òun ò tíì jẹun, tí ìlù bá dún báyìí, ìbàdí rẹ̀ á ti dáhùn kí ojú rẹ̀ tó wá ibi tí ìlù ti ń dún.

Ní òpópónà Muhammad Ali, níbi tí àwọn onílù àti àwọn oníjó ìbàdí ti ń gbé láti ayé ìyá àwọn ìyá wọn, kò sẹ́ni tí kò mọ tìyátọmọ yìí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń sin ìyàwó káàkiri Kairo. Inshirah á gbé igi àbẹ́là lé orí, irin ńlá tó lápá mẹ́tàlá tí iná ń jó lórí apá kọ̀ọ̀kan, á máa ṣáájú ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìdí á máa mì, ọrùn ò ní mì. Wasila á wà lẹ́yìn ìyàwó, á máa jó, á sì máa ṣọ́ iná. Bí wọ́n bá délẹ̀, ìyá àti ọmọ á kojú síra wọn, wọn á jọ jó ijó kan náà, àwọn èèyàn á sì máa bira wọn pé èwo nìyá, èwo lọmọ.

Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún yẹn, Inshirah kò fi ọjọ́ kan yin ọmọ rẹ̀. Nínú ìran wọn, a kì í yin oníjó lójú ara rẹ̀. Wọ́n ní ojú ayé á bá a níbàdí. Wasila á jó tí gbogbo ìta á dìde, ìyá rẹ̀ á tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní ó kù díẹ̀ káàtó. Bahiga, ìyá Inshirah, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ti Bahiga tiẹ̀ tún wá légbá kan. Bí ọmọ bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, á já a léèékánná níhà, á sì máa rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Bahiga ti kú, ilẹ̀ sì ti jẹ ẹ́. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe padà wálé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni. Wasila gbé tíì wọlé, ìyá rẹ̀ sì fò dìde lórí ibùsùn bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ṣúgà lá.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Mo ti ń dìde, mo ti ń dìde."

"Màmá, èmi ni. Wasila ni."

"Ta ló ń jẹ́ Wasila?"

"Ọmọ yín ni. Ẹ wò mí dáadáa."

Inshirah wò ó. "Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá mi. Ọmọ báwo? Èmi tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ?" Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó kojú sí ògiri, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán.

Láti ọjọ́ náà lèèyàn ti di mẹ́ta nínú ilé ẹlẹ́ni méjì. Bí Wasila bá húkọ́, ìyá rẹ̀ á dá oúnjẹ dúró lẹ́nu. Bó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún á fi ìgúnpá bo ìhà rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rù wá ń ba Wasila náà. Bó bá wo dígí, àgbọ̀n òkú yẹn ló ń rí lójú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bahiga kò fún un ní ohun rere kan láyé rẹ̀ ju àgbọ̀n ọ̀hún lọ. Ó fi aṣọ bo dígí yàrá.

Shahhat tó ń lùlù fún wọn, tó ti lùlù fún Bahiga náà rí, ló rò ó fún. Rayyis ni gbogbo wọn ń pè é, torí òun lọ̀gá àwọn onílù.

"Ọmọ mi, fi sílẹ̀," Shahhat wí. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá Bahiga jà? Nígbà tó tiẹ̀ wà láyé, ta ló bá a jà tó yege?"

"Rayyis, kí wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gbàgbé ohun tó bá wù wọ́n."

Ohun tó ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì ti rí i pé bí ìyá òun bá ti jó tán, tí òógùn ṣì wà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ máa ń là fúngbà díẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní Rod al-Farag, ó wo Wasila, ó ní, "Kí ló dé tí o rù báyìí?" Bó ṣe máa ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Kí Wasila tó dáhùn, ojú ọ̀hún ti ṣú padà. Nítorí náà, nígbà tí ìdílé kan ládùúgbò Sayyida Zaynab wá bẹ̀ wọ́n pé kí Inshirah wá sin ọmọ àwọn, Ibtihal, bó ṣe sin ìyá rẹ̀ lọ sílé ọkọ, ẹni tí orí rẹ̀ pé ìbá ní ara Màmá ò yá. Wasila ní àwọn ń bọ̀.

"Iná lo fẹ́ gbé lé orí ẹni tí kò mọ òní yàtọ̀ sí àná o," Shahhat wí.

"Orí wọn ló gbàgbé, Rayyis. Ọrùn wọn ò gbàgbé."

Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, yàrá aládùúgbò kan lókè pátápátá ni wọ́n ti ń múra. Wasila wọ Inshirah láṣọ, ó lé tìróò sí i lójú, ó mú un jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó kan ara rẹ̀, síìpù aṣọ ijó rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tú àpò bóyá ó lè rí abẹ́rẹ́, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà sì tutù, ó wúwo. Aṣọ dúdú ni, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ góòlù wà ní gbogbo etí rẹ̀. Aṣọ ijó Bahiga ni. Nínú ilé wọn, wọn kì í wọ aṣọ òkú oníjó jó níwájú ojú tó bá mọ̀ ọ́n lọ́rùn onítọ̀hún, ìdí nìyẹn tó fi wà nísàlẹ̀ àpótí irin láti gbogbo ọdún yìí wá.

"Màmá, ta ló kó aṣọ yìí sápò?"

"Èmi ni, Ìyá mi." Inshirah rẹ́rìn-ín ẹni tó fẹ́ kí inú èèyàn dùn sóun. "Ẹ̀yin lẹ ṣáà ní kí n bá yín kó o."

Orí Wasila wú. Nísàlẹ̀, ìlù Shahhat ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àbúrò ìyá ìyàwó sì ti ń gbá ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin oníjó, ṣé ọ̀la lẹ máa jáde ni? Ìyàwó ti fẹ́ hu ewú sórí àga o!"

Ó wọ̀ ọ́. Aṣọ náà gbà á lára bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀yìn ìyàwó lòun máa wà, ẹni tó bá sì ru iná kì í wẹ̀yìn. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn.

Wọ́n tan àbẹ́là mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Inshirah gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, gbogbo àìsàn sì bọ́ lára rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iná orí rẹ̀ dúró ṣinṣin, àwọn obìnrin ń ké lílílílí láti ojú ilẹ̀kùn gbogbo. Wasila ń wò ó láti ẹ̀yìn ìyàwó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ohun tó wọ̀.

Àjà kejì ni wọ́n dé. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n rà fún ìyàwó kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n sì ti gbé e ti ògiri sí ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, dígí ńlá rẹ̀ kojú sí òkè àtẹ̀gùn. Inshirah yí kọ́nà, ó sì rí obìnrin arúgbó kan tí iná ń jó lórí rẹ̀. Ó tún rí Bahiga nínú aṣọ dúdú lẹ́yìn arúgbó náà, tó ń wò ó.

Ó dúró gbagidi.

Ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ú. Ìbòjú funfun rẹ̀ kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí iná. Ọ̀rá àbẹ́là ń kán sí èjìká Inshirah, kò mira. Ó ti fi ìgúnpá bo ìhà rẹ̀ méjèèjì.

"Mi ò ṣubú, Ìyá mi," ó ń sọ ọ́ sínú dígí. "Ẹ wò ó, mi ò ṣubú. Ẹ má já mi léèékánná."

Wasila gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó kọjá. "Màmá, èmi ni. Wasila ni. Ẹ jẹ́ ká máa sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́."

Bí Inshirah ṣe gbọ́ orúkọ náà, jìnnìjìnnì bò ó, irin orí rẹ̀ mì, àbẹ́là kan já bọ́, ó sì kú lórí òkúta. Àwọn obìnrin dákẹ́. Shahhat nìkan ló ń lù lọ nísàlẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Wasila mọ ohun tó kù láti ṣe, ó sì kórìíra rẹ̀. Kò pe ìyá rẹ̀ lórúkọ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó mú ohùn rẹ̀ nípọn.

"Inshirah! Ta ló ní kí o dúró? Ṣé ojú ni wọ́n fi ń jó ni, àbí ìdí? Ọrùn lókè! Máa lọ!"

Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ní òpin àtẹ̀gùn, Shahhat ṣi ìlù lù fúngbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọdún. Àmọ́ Inshirah ti na ọrùn. Ó yí kọ́nà, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iná méjìlá bí omi tí ń ṣàn lórí òkúta. Nísàlẹ̀, tọkọtìyàwó gbé ọwọ́ lé Inshirah níkùn kí wọ́n lè yà wọ́n ní fọ́tò, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí ọmọ lè tètè dé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni wọ́n fi ìdúró yẹn ṣe.

Wasila bọ́ aṣọ náà kíákíá, ó wọ èyí tó wọ̀ wá látilé, ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná kan, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Òógùn ṣì wà lójú Inshirah. Ojú ọ̀hún là kedere, ó sì wo Wasila títí.

"Ìyá mi," Inshirah wí, "ṣé mo jó dáadáa?"

Ó dun Wasila wọ eegun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ náà, ó sì sọ ohun tí Bahiga kò sọ rí.

"O jó dáadáa. O ti ṣe é tán. Ẹnikẹ́ni ò tún ní gbé iná lé ọ lórí mọ́."

Inshirah mí kanlẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ sì kúrò níhà. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá èèyàn wà nítòsí, ó rẹ orí sílẹ̀.

"Ìyá mi, tí n bá sọ nǹkan kan fún yín, ẹ ò ní bínú?"

"Mi ò ní bínú."

"Mo ní ọmọbìnrin kan. Wasila lorúkọ rẹ̀."

Ọwọ́ Wasila dúró nínú omi.

"Ó mọ̀ ọ́n jó jù mí lọ. Ẹ dákun o, ó mọ̀ ọ́n jó ju ẹ̀yin náà lọ. Tí mo bá ru iná, tí mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀rù kì í bà mí rárá. Mi ò sọ fún un rí. Ẹ ṣáà mọ ojú ayé."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti lọ sílé. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́, kì í sọ." Ó di ọwọ́ Wasila mú. "Ẹ má sọ fún un o, Ìyá mi."

"Èmi ni" ti dé orí ahọ́n Wasila. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún ló dé yìí, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kò sì gbọdọ̀ dáhùn. Ó ro ti ògiri ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí ìyá rẹ̀ kojú sí lọ́jọ́ yẹn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Mi ò ní sọ fún un," ó wí, ó sì tẹ orí ba sórí ẹsẹ̀ náà, kí ọmọ má bàa rí i pé ìyá rẹ̀ ń sunkún.