Téèpù Ọrùn Télọ̀

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá bá télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ilé kan wà tí wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún ọgbọ̀n èèyàn, àfi kó wá wọ̀n wọ́n níbẹ̀. Inú télọ̀ dùn ṣìnkìn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé aṣọ fún un, nítorí ọtí ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ló ń gé ọgbọ̀n aṣọ yẹn lọ́kàn, tó ń rán kọ́là sí wọn. Ó wẹ̀, kò fẹnu kan ọtí, ó fi téèpù kọ́ ọrùn.

Bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ ilé náà ni wọ́n ti géètì. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ní kó tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó mú fóònù, ó tiẹ̀ ṣí ìgò ìpara, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Mà, àwọn tí mo fẹ́ wọ̀n dà?"

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀mùtí nìyí?"

Télọ̀ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí, ẹ̀yin lẹ tàn mí?"

"Mo bá ẹ sòótọ́ títí ẹnu mi fi bó. Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá tó o ní ó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ọdún méjì rèé, kò tíì tún un tán?"

Télọ̀ ti ta ẹ̀rọ yẹn. Ó ti fi owó rẹ̀ mutí.

Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó. "Oṣù mẹ́ta ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló le jù, ara á gbọ̀n, oorun ò ní wá, ṣùgbọ́n dókítà á fún ẹ lóògùn. Tó bá yá, ìwọ àtàwọn yòókù á máa jókòó sọ̀rọ̀ ara yín. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò sí fóònù, kò sí àlejò. A kì í de èèyàn mọ́lẹ̀ o. Tó o bá fẹ́ lọ, wọ́n á ṣí géètì. Ìwọ fúnra ẹ lo máa buwọ́ lùwé."

Télọ̀ wo géètì. Ó wo ìka rẹ̀ lórí tábìlì, ìka tí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó buwọ́ lù ú, ìlà tó fà wọ́ jáde kúrò nínú ìwé.

"Téèpù yẹn ò lè wọlé, a kì í jẹ́ kí okùn wọlé," ni nọ́ọ̀sì wí. "Fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ẹ̀gbọ́n ti na ọwọ́. Télọ̀ ká téèpù náà dáadáa, ó fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, mà."

Ó wọlé lọ, kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ṣì wà ní nínà.