Ìlú Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Sílẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, máòsì kọ̀ǹpútà ni mo mú dání jáde. Kí agbẹ̀bí tó gé ìwọ́ mi, mo ti tẹ ìlú mẹ́ta dó, mo sì ti gbẹ́ kòtò wúrà jìnnà débi pé àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ayé ń fi ọ̀pá gbá àjà wọn pé kí n rọra. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi agbẹ̀bí náà. Ó ti kú, ṣùgbọ́n kó ṣáà lọ bi í.

Ọ̀rọ̀ òkú mìíràn ni mo sì fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, àga mẹ́fà, fáànù kan tó máa ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ létí. Akunlé ni èmi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, torí olùkọ́ rí i pé bí mo bá kà á dé mẹ́rin, òun ni yóò máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.

Eré kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn. Wàá rán òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n gé igi, kí wọ́n wa wúrà, kí wọ́n dáko. Ohun tí wọ́n bá kó wálé ni wàá fi kọ́lé, tí wàá fi kó ọmọ ogun jọ, títí wàá fi ṣẹ́gun ọ̀tá tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń darí, àwọn tí à ń pè ní Pupa. Bàbá Àgbẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe Ẹ̀gbọ́n, torí kì í fẹ́ jagun. Lọ́jọ́ kan, ó tọ́jú eré pamọ́ láàárín méjì, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi. Kò dé ibi omi.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Àǹtí, ti da aṣọ bo kọ̀ǹpútà kẹfà, èyí tí Ẹ̀gbọ́n ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní àràárọ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á ṣí eré náà, á kàn jókòó, á máa wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé wò pẹ́. Wúrà ti tán nínú gbogbo kòtò tó wà nítòsí ìlú. Ogójì òṣìṣẹ́ dúró yí kòtò gbígbẹ ká, ṣọ́bìrì léjìká, wọ́n ń wo ọ̀kánkán. Bí o bá tẹ ọ̀kan nínú wọn, á ní, "Ẹ rán mi níṣẹ́." Ẹni tí ì bá rán an sì ti wọlẹ̀ lọ.

Èmi tí n kì í rí ihò kí n má ki ìka bọ̀ ọ́, mo ká aṣọ yẹn kúrò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí oòrùn mú, tí Àǹtí gòkè lọ sinmi, tó ní kí n bá òun wo ṣọ́ọ̀bù. Mo kó òṣìṣẹ́ tuntun lọ sí ìlà-oòrùn, mo ṣí kòtò wúrà kan, mo kọ́ ilé tì í. Mo tọ́jú eré, mo da aṣọ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe ta.

"Ọkọ mi! Ọkọ mi kékeré! Ẹ sáré wá o!"

Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, torí àbúrò ọkọ ni mí. Mo sáré dé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́.

"Àǹtí, kí ló dé?"

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?"

Ibi tó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹnu yìí ni kò gbà. "Èmi kọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń húkọ́ lórí àga yẹn lánàá. Ikọ́ Ẹ̀gbọ́n gan-an! Aṣọ yẹn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn."

Mo ń retí kó bú mi ní ẹlẹ́nu irọ́. Kò bú mi. Ó rọra fọwọ́ kan àga náà.

"Ìlà-oòrùn," ló wí. "Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n yín ní òun máa gbà. Èmi nìkan ló sọ fún."

Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ mi bọ́ sí ni mo gbà. Irun ara mi dìde díẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife omi kan síwájú kọ̀ǹpútà náà. Èmi ni mo ń mu ún, torí òùngbẹ ìjọba kì í ṣe òùngbẹ kékeré. Bó bá rí ife òfìfo láàárọ̀, á sunkún, á rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Kí wá ni kí n ṣe? Mo ń bá a lọ. Mo ṣí kòtò kejì, mo ṣí ẹ̀kẹta. Wúrà pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà náà wúwo, ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n eré náà kì í gbà ju igba èèyàn lọ, àgbẹ̀ àti ọmọ ogun lápapọ̀. Ọ̀kánjúwà wúrà mú mi, mo fi òṣìṣẹ́ kún un tán. Ọmọ ogun mẹ́sàn-án péré ló kù tó ń ṣọ́ odindi ìlú.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ká aṣọ, mo rí kòtò wúrà kan ní àríwá. Ilé kékeré kan, ọgbà yí i ká, òṣìṣẹ́ méjìlá ń wa ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Àǹtí ńkọ́? Bí ẹni tó di ìrù eku ààyè mú ló ṣe ń di máòsì mú. Ta wá ni? Mo wo àga tí mo jókòó lé. Mo dìde kúrò lórí rẹ̀, mo kúnlẹ̀ ta eré ọjọ́ náà. N kò fẹnu kan omi.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni àwọn Pupa dé. Wọ́n pọ̀ bí èèrà tó rí ṣúgà. Èéfín ń rú níbi kòtò kejì, ẹ̀kẹta ti lọ. Mo ń tẹ bọ́tìnì pé kí n kó ọmọ ogun jọ, kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sójú pé àyè kò sí. Kó tó rí àyè gba ọmọ ogun mìíràn, àfi kí n fọwọ́ ara mi pa nínú òṣìṣẹ́. Bí ìlú bá sì tú, eré náà á pa ara rẹ̀ rẹ́, kò ní sí ìpadàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á kú lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi ni yóò sì kú sí.

Mo kó àwọn ogójì tó dúró ti kòtò gbígbẹ. Wọn kò kúkú ń ṣe nǹkan kan. Mo gbé ìka lé bọ́tìnì ìpànìyàn.

Ọwọ́ tútù kan bà lé mi léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n!" Mo di ojú pinpin. "Ẹ má bínú! Èmi ni mo ṣí ìlà-oòrùn! Èmi ni mo mu omi yín! Ẹ kò húkọ́, irọ́ ni mo pa mọ́ yín! Ẹ padà síbi tí ẹ wà!"

"Má pa àwọn yẹn."

Ohùn obìnrin ni. Mo la ojú. Àǹtí ló dúró lẹ́yìn mi, láìwọ bàtà.

"Ìwọ ni?" Láti ìgbà tó ti wọlé wa, kò pè mí ní ìwọ rí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n ló gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ lójú àlá..."

"Ìwọ lò ń mu omi yẹn."

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ rọra ti ife náà sẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

"Èmi ni mo kọ́ ti àríwá," ó wí. "Láàárọ̀ ni mò ń kọ́ ọ. Mo rò pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní kí n dá a lóhùn."

Ó nawọ́ kọjá èjìká mi, ó gba máòsì. Ó kó àwọn méjìlá tirẹ̀ ní àríwá, ó pa wọ́n. Ó kó àwọn tèmi ní ìlà-oòrùn, ó pa wọ́n tán pátápátá. Àyè ṣí. Ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dí ẹnu odi, àwọn Pupa kò lè wọlé mọ́. Nígbà tí èéfín lọ sílẹ̀, ìlú náà ti kéré bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n lọ mu omi. Ogójì òṣìṣẹ́, kòtò gbígbẹ kan. Ó tọ́jú eré náà pamọ́.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó pe orúkọ àbísọ mi, èyí tí ìyàwó ilé kì í pe, ó sì fa ìparí rẹ̀ gùn bí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń fà á nígbà tó bá fẹ́ nà mí.

Mo ti já sí títì kí orúkọ náà tó parí.